Ihò Púlọ́ọ̀gì Tí A Bà Jẹ́ ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ti wà lọ́kàn wa láti bá yín sọ, ṣùgbọ́n ìtìjú ni kò jẹ́ kí a tètè sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni, ó sì kan gbogbo ilé tí ọkọ̀ ń bọ́. Ẹni tí kò ní ọkọ̀ pàápàá yóò rí tirẹ̀ mú níbẹ̀, nítorí kò sí ẹ̀rọ kan nínú ilé wa, ìbáà ṣe ẹ̀rọ amúnáwá tàbí ẹ̀rọ ìlọta, tí kò ní bóòtù lára.

Ẹni tí ó bá ti gba ọ̀nà Àkúrẹ́ lọ sí Ọ̀wọ̀ rí yóò mọ Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Òórùn igi tútù ni yóò kọ́kọ́ pàdé yín, nítorí ilé ìlagi pọ̀ níbẹ̀, gẹdú sì máa ń wà ní òkìtì òkìtì lẹ́bàá ọ̀nà. Orúkọ kan náà ni ìlú àti odò ń jẹ́. Yàtọ̀ sí pákó, oúnjẹ pọ̀ ní ọjà wọn, àwọn alájàpá a sì máa wá kó o lọ sí àwọn ìlú ńláńlá.

Ọ̀kan nínú àwọn ìyá inú ìjọ níbẹ̀ jẹ́ opó. Ọkọ rẹ̀ fi ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù Peugeot 504 kan sílẹ̀, òun ni wọ́n sì fi ń kó iṣu, gàrí àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ sí Àkúrẹ́. Àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin ni ó ń wà á. Nínú ohun tí ọkọ̀ yìí ń pa wọlé ni wọ́n ti ń san owó ilé ìwé àwọn àbúrò mẹ́ta, èyí tí ó dàgbà jù nínú wọn sì ń múra ìdánwò àṣekágbá lọ́wọ́ nígbà náà. Ọkọ̀ náà ti gbó, ara rẹ̀ ti ń jẹrà, ṣùgbọ́n kò tí ì kọ iṣẹ́.

Àwọn àgbà nínú wa kò ní gbàgbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti ọdún 1975 ni wọ́n ti ń to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná, títí lẹ́yìn ọdún 2000 ni wọ́n sì fi ń to 504. Ìjọba gùn ún, olùkọ́ gùn ún, ó sì kó èrò láti Èkó dé Máídúgùrì. Ohun kan wà nínú ẹ́ńjìnì rẹ̀ tí ó kan ìtàn wa. Irin dúdú tí a dà ni búlọ́ọ̀kù ìsàlẹ̀, ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù ni èyí tí ó bò ó lórí, tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní tọ́ọ̀pù. Inú tọ́ọ̀pù yìí ni a ń de púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́.

OHUN TÍ ỌWỌ́ WA ṢE

Ní ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan, ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a wà ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ fún ìpàdé nígbà tí ọkọ̀ náà dé láti Àkúrẹ́. Ó ń wúkọ́. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìró rẹ̀ yóò mọ̀ pé púlọ́ọ̀gì kan kò ṣiṣẹ́. Ìyá náà ní òun yóò ránṣẹ́ pe mẹkáníìkì. Àwa ni a dá a dúró. Kí a tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì, a ti gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá wa tí ó ní ọkọ̀ akẹ́rù, a sì rò pé a mọ nǹkan nípa ẹ́ńjìnì.

A ní, “Mọ́mì, ẹ má ná owó yín nítorí púlọ́ọ̀gì lásán. Ẹ jẹ́ kí ọmọ lọ ra tuntun wá, a ó fi sí i.”

Ó ní, “Pásítọ̀, ẹ ṣeun o. Olúwa yóò san án fún yín.”

Ẹ́ńjìnì náà ṣì gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ kò ṣeé gbé lé e. Èyí ni àṣìṣe àkọ́kọ́. Púlọ́ọ̀gì àtijọ́ jáde pẹ̀lú igbe, ó ń han bí ìlẹ̀kùn tí a kò fi epo sí. A kò ka èyí sí. Púlọ́ọ̀gì 504 kò jókòó sí gbangba, inú kòtò jíjìn ni ó wà, ojú kò sì rí ẹnu ihò náà dáadáa. Ó yẹ kí a fi ìka ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí yí tuntun náà wọlé, ṣùgbọ́n nítorí ìgbóná, sípánà ni a fi bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó le. A rò pé èédú ọjọ́ pípẹ́ ni. A ki páìpù bọ ìdí sípánà kí agbára wa lè pọ̀ sí i.

Lẹ́yìn náà ni ó dẹ̀ lójijì. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá bóòtù jà rí, ẹ mọ ìdẹ̀ yẹn. Ó ń yí, ó ń yí, kò sì fún mọ́. Nígbà tí a yọ ọ́, àwọn fọ́nrán alumíníọ̀mù wẹ́wẹ́ tí ń dán ti lọ́ mọ́ ọn lára. Eyín inú ihò náà ni a hú jáde bẹ́ẹ̀.

Ọmọ náà rí i. Kò sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ béèrè láti ẹnu ọ̀nà pé, “Pásítọ̀, ṣé ó ti tán?”

A dáhùn pé, “Ó kù díẹ̀, Mọ́mì.”

KÍ NI EYÍN BÓÒTÙ?

Kí a tó máa bá ìtàn lọ, ẹ jẹ́ kí a yà díẹ̀. Àwọn ìlà tí ó lọ́ yí ara bóòtù ká, tí ìkejì wọn wà nínú ihò tàbí nínú nọ́ọ̀tù, ni àwọn mẹkáníìkì ń pè ní tíréèdì. Eyín ni àwa yóò máa pè é nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí iṣẹ́ eyín ni ó ń ṣe, ó ń bu nǹkan dì mú.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bóòtù kàn ń dí ihò ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá fún bóòtù, ó ń nà. Ojú kò lè rí nínà náà, ṣùgbọ́n ó ń nà bí rọ́bà, ó sì ń fẹ́ padà sí bí ó ti wà. Ìfàsẹ́yìn yìí ni ó ń lẹ nǹkan méjì pọ̀ tí wọn kì í fi í mì. Eyín ni ó ń ru gbogbo agbára yìí, kì í sì í ṣe gbogbo eyín ni ó ń rù ú bákan náà. Àwọn mẹ́ta tàbí mẹ́rin àkọ́kọ́, tí ó súnmọ́ ibi tí orí bóòtù tẹ̀ lé, ni ó ń ru èyí tí ó pọ̀ jù. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń sọ pé “ìba eyín díẹ̀ ni ó jẹ, èyí tí ó kù yóò mú un,” ẹ wò ó bóyá àwọn tí ń ṣiṣẹ́ gan-an ni ó ti lọ.

Bí ihò bá wà nínú irin líle, tí bóòtù wọlé tó ìwọ̀n ìbú ara rẹ̀, ó tó. Bí alumíníọ̀mù bá ni, ó yẹ kí ó wọlé tó ìlọ́po kan ààbọ̀ tàbí ìlọ́po méjì ìbú rẹ̀, nítorí alumíníọ̀mù rọ̀ ju irin lọ púpọ̀. Ẹni tí ó bá sì fi bóòtù kúkúrú rọ́pò gígùn nínú tọ́ọ̀pù tàbí nínú ilé jíà, ó ti pe wàhálà.

Ooru náà ní tirẹ̀. Bí alumíníọ̀mù bá gbóná, ó ń fẹ̀ tó ìlọ́po méjì bí irin ti ń fẹ̀, bí ó bá sì tutù, ó ń súnkì bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Púlọ́ọ̀gì tí a bá fún nígbà tí tọ́ọ̀pù ṣì gbóná, bí ilẹ̀ bá mọ́ tí gbogbo rẹ̀ tutù, alumíníọ̀mù náà yóò ti di í mú pinpin. Ọjọ́ tí a bá fẹ́ yọ ọ́, eyín ihò ni yóò bá a jáde. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tí ó fi èyí àtijọ́ sí i ṣáájú wa ti ṣe bẹ́ẹ̀. A kò fi èyí wẹ ara wa mọ́.

ÌMỌ̀RÀN TÍ A RÍ GBÀ NÍ ALẸ́ ỌJỌ́ NÁÀ

A rìn dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì mẹ́ta kí ilẹ̀ tó ṣú. Èkíní wo ihò náà pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì, ó ní kí ìyá lọ ra tọ́ọ̀pù àlòkù, nítorí èyí ti kú. Owó tọ́ọ̀pù àlòkù nígbà náà lé ní ohun tí ọkọ̀ yẹn ń pa lóṣù, àlòkù ọ̀hún pàápàá sì lè ti sán nínú láìhàn. Èkejì ní kí a fi wáyà bàbà tín-ín-rín yí púlọ́ọ̀gì ká, kí a sì fi agbára dè é wọlé.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn jù létí wa. Ó ní kí a ra gọ́ọ̀mù alápòpọ̀, èyí tí ń gan láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kí a fi kun ara púlọ́ọ̀gì, kí a sì fi í sílẹ̀ di òwúrọ̀. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, “Pásítọ̀, ẹ má jẹ́ kí ìyá mọ̀. Yóò gbé e fún oṣù kan. Bí ó bá tún bàjẹ́, ọkọ̀ ti gbó, kò sí ẹni tí yóò bi yín.”

Ẹ̀yin ará wa, a kò ní parọ́ fún yín. A ro ọ̀rọ̀ náà. A tilẹ̀ béèrè iye tí wọ́n ń ta gọ́ọ̀mù náà. Ọmọ ìyá yẹn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní gbogbo àkókò tí a fi ń bá mẹkáníìkì sọ̀rọ̀, ilẹ̀ ni ó ń wò. Nígbà tí a ń padà lọ, ó béèrè lọ́wọ́ wa jẹ́jẹ́ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, bí púlọ́ọ̀gì bá fò jáde lójú ọ̀nà ńkọ́?”

Ìbéèrè rẹ̀ tọ̀nà. Nígbàkigbà tí epo bá jó nínú sílíńdà, agbára rẹ̀ ń ti písítìnì sísàlẹ̀, ó sì ń ti púlọ́ọ̀gì sókè bákan náà, ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú kan. Gọ́ọ̀mù kò lè dúró níwájú iná àti agbára yẹn. Púlọ́ọ̀gì tí eyín rẹ̀ kò mú nǹkan kan lè ta jáde bí òkò, kí ó já wáyà iná, kí epo tí ń jó sì máa tú síta lórí ẹ́ńjìnì gbígbóná, pẹ̀lú ẹrù àti èèyàn lórí ọkọ̀. Wáyà bàbà kò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní alẹ́ náà, a lọ bá ìyá, a sì sọ bí ó ti rí fún un. A ní kì í ṣe pé ó kù díẹ̀, àwa ni a bà á jẹ́, àwa ni a ó sì tún un ṣe. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, “Ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo ti gba owó iṣu lọ́wọ́ àwọn ará Àkúrẹ́.” Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

LỌ́DỌ̀ ONÍLÉÈTÌ

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, ẹnìkan nínú àwọn tí ń tún ayùn ilé ìlagi ṣe júwe oníléètì kan fún wa ní Àkúrẹ́. Àwọn ará ilé ìlagi mọ irú ènìyàn bẹ́ẹ̀, nítorí bóòtù ẹ̀rọ wọn kì í yéé jẹ. A fa ọkọ̀ náà lọ. Bàbá arúgbó kan ni, ó wọ ìgò ojú tí a fi okùn so, kò sì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fi ìka kan ihò náà, ó ní, “Ta ni ó ṣe èyí?” A ní àwa ni. Ó wo kọ́là ọrùn wa, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì ní kí a tú tọ́ọ̀pù sílẹ̀.

A bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣe é láìtú u, nítorí àtitú tọ́ọ̀pù ń béèrè gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun, ó sì ń gba àkókò. Ó kọ̀. Ó ní bí òun bá ń gbẹ́ ihò náà lórí ọkọ̀, fọ́nrán yóò já bọ́ sínú sílíńdà, yóò sì máa ha ara rẹ̀ títí. Àwọn kan a máa fi gíríìsì pa ara táàpù kí fọ́nrán lè lẹ̀ mọ́ ọn, wọn a sì fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ṣùgbọ́n òun kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nínú kòtò tí ojú kò rí. Ó tún kìlọ̀ fún ọmọ náà pé, bí tọ́ọ̀pù bá ti ṣí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yí ẹ́ńjìnì. Nínú 504, sílíńdà kì í ṣe ara búlọ́ọ̀kù. Ó dá dúró bí kọ́ọ̀pù tí a tì bọ inú omi, tọ́ọ̀pù ni ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí ó bá mì, omi yóò wọ inú epo ẹ́ńjìnì.

Nígbà tí tọ́ọ̀pù dé orí tábìlì, ọ̀rọ̀ di méjì. Ihò bóòtù kékeré kan wà níwájú, níbi tí a ti ń de ẹnu ọ̀nà omi. Ẹnìkan ti ki òwú àti gọ́ọ̀mù bọ inú rẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Bàbá náà fi ìṣó yọ wọ́n jáde, ó sì yà wá sọ́tọ̀ kúrò nínú ẹjọ́ èyí.

Ó kọ́kọ́ ṣe ti ihò kékeré. Bóòtù mìlímítà mẹ́jọ ni ó ń gbà. Ó fi díríìlì tí ó fi díẹ̀ ju mẹ́jọ lọ, bíi mẹ́jọ àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá, gbẹ́ gbogbo eyín tí ó ti jẹ kúrò. Ó mú táàpù pàtàkì kan, ó fi gé eyín tuntun tí ó tóbi ju ti àtijọ́. Lẹ́yìn èyí ni ó mú nǹkan kan jáde tí a kò rí rí, wáyà irin tí kì í dípẹtà, tí a lọ́ bí sípíríǹgì, tí ara rẹ̀ ní igun mẹ́rin. Ó yí i wọ inú eyín tuntun náà títí ó fi wọlé díẹ̀ kọjá ojú ihò. Ó wá fi irin gbọ̀n-ọ́n lé ìrù kékeré tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ìrù náà dá, ó sì yọ ọ́ jáde. Inú sípíríǹgì yẹn di eyín mìlímítà mẹ́jọ gan-an gẹ́gẹ́ bí ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n irin ni báyìí, kì í ṣe alumíníọ̀mù.

Heli-Coil ni orúkọ tí ayé mọ̀ ọ́n sí. Láti ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n ti ń lò ó nínú ẹ́ńjìnì ọkọ̀ òfuurufú, nítorí ó ń mú ihò alumíníọ̀mù lágbára ju bí ó ti wà nígbà tí ó jáde ní ilé iṣẹ́ lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé eyín òde sípíríǹgì náà fẹ̀ ju ti bóòtù, agbára sì pín sára alumíníọ̀mù tí ó pọ̀ sí i. Àwọn tí wọ́n ní Volkswagen alámọ̀ ìjàpá láyé àtijọ́ mọ irú rẹ̀. Ara ẹ́ńjìnì ìjàpá jẹ́ irin fúyẹ́ kan tí ó rọ̀, ọ̀pá tí ó de tọ́ọ̀pù rẹ̀ a sì máa fa eyín jáde, títí àwọn tí ó ṣe é fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi eyín irin sí i láti ilé iṣẹ́ wọn.

Fún ihò púlọ́ọ̀gì, bàbá náà kò lo sípíríǹgì. Ó ní òun mọ̀ pé àwọn kan ń lò ó, ṣùgbọ́n ó wu òun kí ibi tí iná wà ní búṣì tí ó dá dúró. Ó de irin róbótó kan mọ́ ẹ̀rọ léètì, ó gé eyín mìlímítà méjìdínlógún sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì gé eyín mẹ́rìnlá tí púlọ́ọ̀gì ń lò sí inú rẹ̀. Ó gbẹ́ ihò tọ́ọ̀pù, ó fi táàpù méjìdínlógún gé e. Bí ó ti ń gé e ni ó ń dá a padà ní ìdajì ìyípo lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí fọ́nrán lè já, tí ó sì ń kán kẹrosíìnì sí i. Ó de búṣì náà wọlé. Ó wá da tọ́ọ̀pù dé, ó fi irin ẹlẹ́nu mímú lu etí búṣì láti inú ní ibi mẹ́rin, kí ó má bàa bá púlọ́ọ̀gì jáde lọ́jọ́ iwájú. Iṣẹ́ wákàtí méjì ni. Owó tí ó gbà kò tó ìdá mẹ́rin owó tọ́ọ̀pù àlòkù.

ÀPÓTÍ BÓÒTÙ

Nígbà tí a ń dúró, a ń wo àpótí pákó kan tí ó kún fún bóòtù. Bàbá náà mú méjì jáde, ó ní kí a sọ èyí tí ó yàtọ̀. Ojú wa kò rí ìyàtọ̀. Ó ní ọ̀kan jẹ́ mìlímítà mẹ́jọ, èkejì jẹ́ ìdá márùn-ún nínú mẹ́rìndínlógún íǹṣì. Ìbú wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, ṣùgbọ́n àlàfo eyín wọn kò dọ́gba. Bí a bá fi ti íǹṣì sínú ihò mìlímítà, yóò wọlé fún ìyípo bíi méjì, lẹ́yìn náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ẹni tí ó bá lo agbára níbẹ̀ ti ba ihò jẹ́. Mìlímítà mẹ́wàá pàápàá kì í ṣe ọ̀kan. Ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Japan jẹ́ eyín wẹ́wẹ́, ti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Yúróòpù sì fẹ̀ jù ú.

Ìdàrúdàpọ̀ yìí ti pẹ́. Nígbà kan, olúkúlùkù ilé iṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń gé eyín bóòtù tirẹ̀ bí ó ti wù ú. Ní ọdún 1841 ni Joseph Whitworth dábàá pé kí gbogbo wọn lo ìwọ̀n kan, kí igun eyín jẹ́ ìwọ̀n 55. Ní 1864, William Sellers ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà dábàá ìwọ̀n 60 fún tiwọn. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, nọ́ọ̀tù Gẹ̀ẹ́sì kò wọ bóòtù Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ wọ́n jọ ń jagun ni. Ní 1948 ni Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà àti Kánádà fọwọ́ sí ìwọ̀n kan. Àwọn ará Faransé, Jámánì àti Japan ń lo ti mìlímítà ní tiwọn. Gbogbo wọn ni ó kó ọkọ̀ wá bá wa níhìn-ín, a sì ń to bóòtù wọn pọ̀ sínú agolo mílíìkì kan náà. Bí ọmọ iṣẹ́ bá tú ẹ́ńjìnì, tí bóòtù kan sọnù, inú agolo yẹn ni yóò ti wá ìrọ́pò rẹ̀. A kò dá a lẹ́bi, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀, ẹ béèrè.

ÀTÚNTÒ

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n dá tọ́ọ̀pù padà. Bàbá náà kò jẹ́ kí a de bóòtù kankan títí ó fi fi aṣọ gbígbẹ nu omi àti epo kúrò nínú gbogbo ihò búlọ́ọ̀kù. Ó ní bí omi bá wà nísàlẹ̀ ihò tí kò ní ọ̀nà àbájáde, bóòtù tí ń bọ̀ wálẹ̀ yóò fún omi náà títí irin yóò fi sán. Ó fi gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun lé e, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti àárín lọ sí etí, díẹ̀díẹ̀, ìgbà mẹ́ta ni ó yí gbogbo wọn ká kí ó tó fún wọn tán.

Ó wá pe ọmọ ìyá náà. Ó gé rọ́bà tí epo ń gbà kọjá, kò gùn ju ìka méjì lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, ó ki orí púlọ́ọ̀gì bọ ẹnu rẹ̀, ó ní kí ó fi rọ́bà náà yí i wọlé. Bí eyín bá gun ara wọn, rọ́bà yóò kàn yọ̀ lọ́wọ́ ni, kò ní agbára àtiba nǹkan jẹ́. Bí ó bá wọlé geere títí dé ìdí, nígbà náà ni sípánà yóò bọ́ sí i, ìdajì ìyípo péré fún púlọ́ọ̀gì tuntun, kí wáṣà rẹ̀ lè pẹlẹbẹ. Kò sí páìpù nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ náà ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ́ńjìnì sì tutù pátápátá.

Ọkọ̀ náà dáhùn ní ẹ̀ẹ̀kejì tí a ta á. Àwa ni a san owó oníléètì, gásíkẹ́ẹ̀tì àti fífà. Ìyá fẹ́ kí a pín in, a kọ̀. Ìyàwó wa ní owó tí a fẹ́ fi ra táyà ni ó bá a lọ, òótọ́ sì ni, a fi táyà àtijọ́ rìn di ìparí ọdún. Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, iṣu àwọn ará Àkúrẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn.

Lẹ́yìn oṣù bíi méje, a tún bá wọn nílé ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ pàrọ̀ púlọ́ọ̀gì. A dìde láti ràn wọ́n lọ́wọ́. Ìyá náà gbé àga síwájú wa, ó ní, “Pásítọ̀ wa, ẹ jókòó, ẹ jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun.” Ọmọ rẹ̀ ti ń yọ rọ́bà kékeré náà jáde nínú àpò rẹ̀.